Akọrin Mùsùlùmí, Ta Ni Ó Ni Ìsọ̀ Tí Orin Rẹ Wà?

  Mo ti ṣe ìlérí pé ọ̀rọ̀ sàká àwọn oníṣòwò iṣu ni n óò bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan dé tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ iṣu yóò dúró di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ọmọbìnrin kan wà tí ó kọ́ kéwú lọ́dọ̀ mi níhìn-ín ní Kabba. Ohùn tí Ọlọ́run fún un kì í ṣe ohùn kékeré. Bí a bá ń ṣe wàlímọ́, tí ó bá gbé wákà, àwọn ìyá àgbà a máa fi etí gèlè nu ojú. Láti Kabba dé Ìyàrà, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Lọ́kọ́ja, àwọn ènìyàn a máa pè é sí ìsọmọlórúkọ, sí yìgì àti sí mọ́lídì. Ní ọdún 2024, lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó kó owó tí ó rí nínú iṣẹ́ aṣọ rírán jọ, ó lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan, ó sì kọ orin mẹ́fà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà sọ fún un pé òun yóò bá a gbé àwọn orin náà dé gbogbo ayé, ó sì gba owó mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìyẹn. Ọmọ náà wá sọ fún mi. Mo ní, “Ìyẹn dára, Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i.” N kò bi í léèrè ohun kan. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀rọ̀ inú fóònù jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, bí ẹni ń ta ayò lábẹ́ igi.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ìdílé kan láti Ìlọrin wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn. Ìdílé onímọ̀ ni wọ́n. A ti jọ jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ku kí a dá ọjọ́ yìgì, ni gbogbo nǹkan bá dákẹ́. A kò gbọ́ ìró wọn mọ́. Nígbà tí ó pẹ́, àgbà kan nínú wọn wá sí ilé mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Ó kí mi dáadáa, ó jẹun, ó mu omi, lẹ́yìn náà ni ó mú fóònù jáde nínú àpò agbádá rẹ̀.

Ó ní, “Áfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí.”

Mo wọ awò ojú mi. Orúkọ ọmọ wa ni mo rí gàdàgbà. Lábẹ́ orúkọ náà ni orin rẹ̀ lórí títọ́jú òbí wà, mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo tún àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá inú rẹ̀ ṣe fún un. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá ni àwòrán obìnrin kan wà tí aṣọ kò bo àyà rẹ̀, tí ó di ìgò ọtí mú, lábẹ́ orin títọ́jú òbí sì ni àwọn orin mìíràn wà tí n kò lè kọ àkọlé wọn sínú ìwé ìròyìn tí àwọn ọmọ yín ń kà.

Ó bi mí pé, “Ṣé ọmọ tí ẹ ní ó ti wólẹ̀ Àlùkùránì lọ́dọ̀ yín nìyí?”

Mo fi Ọlọ́run búra fún un pé kì í ṣe òun. Ó gbà, nítorí pé ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà. Ó ní, “Áfà, èmi gbà, nítorí mo mọ̀ yín. Àwọn tí kò mọ̀ yín ńkọ́?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́, òun ni ó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Okun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ilé wa rí: lábẹ́ òrùlé kan náà, ẹnì kan ń lọ sí mọ́sálásí, ẹnì kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì jọ ń jẹ iyán ọdún méjèèjì. Ó ti gbé orin ẹgbẹ́ akọrin wọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì mọ ọ̀nà rẹ̀. Mo pè é, mo sì jókòó sí iwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wàláà. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, pàápàá ẹ̀yin oníwákà, ẹ̀yin olórin àsàlátù, àti ẹ̀yin baba àti ìyá tí ọmọ yín ń kọrin.

Nígbà tí a wà ní ọmọdé, àwo ni a fi ń gbọ́ orin, kásẹ́ẹ̀tì dé, síìdì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni mẹ́mórì káàdì tí àwọn ọmọ ń bá ni kó orin sí ní ẹ̀bá ọ̀nà. Nísinsìnyí àwọn ilé orin ńláńlá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dá Spotify sílẹ̀ ní Sweden ní 2006, ó sì dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021. Boomplay ti wà níhìn-ín ṣáájú rẹ̀, láti 2015, ọ̀pọ̀ nínú yín sì bá a nínú fóònù Tecno yín láì wá a. Apple Music wà, Audiomack wà, YouTube tí gbogbo wa mọ̀ sì wà. Ẹni tí ó ń gbọ́ orin níbẹ̀ kò ra àwo kankan. Ó lè máa san owó oṣù, ó sì lè máa gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa polówó ọjà sí i létí.

Nínú ilé orin kọ̀ọ̀kan, akọrin kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ní kúkúrú, àti àwọn orin rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ pè é ní ìsọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì fa gbogbo wàhálà wa, ni pé ìsọ̀ yìí máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí orin àkọ́kọ́ bá wọlé ní orúkọ kan ni ilé orin yóò ti la ìsọ̀ fún orúkọ náà, yálà akọrin mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí orúkọ náà bá sì bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, tí ẹni tí ó gbé orin lọ kò sì tọ́ka sí i pé ẹnì ọ̀tọ̀ ni èyí, wọ́n lè da ẹrù ẹni méjì pọ̀ sí orí àtẹ kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa nìyẹn. Ó lo orúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan, orúkọ Mùsùlùmí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ń jẹ́ láti ibí dé Indonéṣíà. Obìnrin kejì kò ṣẹ̀ wá. Bóyá àwọn ènìyàn tirẹ̀ náà ń bi í léèrè ìgbà tí ó di ẹléhàá.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí a kọ́kọ́ mú. Kí akọrin tó gbé ohunkóhun síta, kí ó tẹ orúkọ tí ó fẹ́ lò sínú àwọn ilé orin wọ̀nyí, kí ó wò ó bóyá ẹnì kan ti ń jẹ́ ẹ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń jẹ́ ẹ, kí ó fi orúkọ baba tàbí ti ìlú rẹ̀ kún tirẹ̀. Bí ó bá ti yan orúkọ kan, kí ó má ṣe yí i padà mọ́. Àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá fẹ́ràn oyè. Lónìí a ó kọ “Alhaji”, lọ́la a ó gé e kúrú sí “Alh.”, lọ́dún tí ń bọ̀ a ó fi “Sheikh” sí i, bí wọ́n bá sì fi ẹnì kan jẹ Amírù ẹgbẹ́, ìyẹn náà yóò wọlé. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ìsọ̀ mẹ́rin ni yóò là, àwọn oníbàárà yóò sì máa wá a kiri. Bẹ́ẹ̀ ni lílo àmì ohùn lọ́jọ́ kan kí a má sì lò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ oyè yín sínú ìtàn yín, kí ẹ jẹ́ kí orúkọ jẹ́ orúkọ.

Èkejì ni alágbàtà. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín gbé orin sí Audiomack tàbí YouTube láì san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n Spotify àti Apple Music kì í gba orin lọ́wọ́ akọrin fúnra rẹ̀. Alágbàtà ni ó gbọ́dọ̀ gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó iṣu fún ẹni tí ó ní ọkọ̀. Àwọn alágbàtà bíi CD Baby wà láti 1998, TuneCore láti 2006, DistroKid láti 2013. Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà gba owó wọn. DistroKid ń gba owó ọdọọdún, kò sì ń mú nínú èrè orin. CD Baby ń gba owó lẹ́ẹ̀kan lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ojú ọjà wo méjèèjì kí ẹ tó yàn. Ẹni tí ó ń san owó ọdọọdún, bí kò bá san án mọ́, orin rẹ̀ lè kúrò lórí àtẹ, àyàfi bí ó bá ti san owó àfikún kan tí ó fi lè wà níbẹ̀ títí. N óò tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí níwájú, nítorí ọ̀rọ̀ ogún wà nínú rẹ̀.

Alágbàtà yóò fún orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Bí ẹ bá fi alágbàtà kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn, nọ́ńbà yìí ni ẹ ó mú dání kí iye ìgbà tí ayé ti gbọ́ orin náà má baà ṣègbé.

Nísinsìnyí, kọ́kọ́rọ́. Spotify ní ọ́fíìsì kan fún àwọn akọrin tí ó ń jẹ́ Spotify for Artists, Apple ní Apple Music for Artists. Ibẹ̀ ni akọrin yóò lọ sọ pé, “Èmi ni mo ni ìsọ̀ yìí,” tí yóò sì fi ẹ̀rí hàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà fún un ni ó tó lè yí àwòrán padà, kí ó kọ ìtàn ara rẹ̀, kí ó sì rí iye ènìyàn tí ó ń gbọ́ ọ àti ìlú tí wọ́n wà. Ímeèlì akọrin fúnra rẹ̀ ni kí ó fi gba kọ́kọ́rọ́ náà, kì í ṣe ti ẹni tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ àdúgbò tí ó mọ fóònù í tẹ̀. Nígbà tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀ láti tún ti ọmọ wa ṣe, a bá ìlẹ̀kùn ní títì. Ímeèlì ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni ó wà lára ohun gbogbo, ìwé owó rẹ̀ ní báńkì sì ni owó orin ń wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí pé ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn akọrin wa ti jà á kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Olóògbé Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, baba alápàlà, àti I. K. Dáíró tí ó jẹ́ olórin jùjú àti ọmọ ìjọ Kérúbù, dá ilé àwo STAR sílẹ̀ ní ọdún 1969, kí àwọn akọrin lè ní àwo tiwọn fúnra wọn. Mùsùlùmí kan àti Onígbàgbọ́ kan ni wọ́n. Sunny Adé náà, lẹ́yìn aáwọ̀ òun àti ilé àwo tí ó ń kọrin fún, dá ilé àwo tirẹ̀ sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà ni pé kí ẹni tí ó laágùn mọ iye tí a tà, kí ó sì jẹ nínú rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dá ilé àwo sílẹ̀ nílò ẹ̀rọ, ilé ìkẹ́rù, ọkọ̀ àti owó gọbọi. Lónìí, ọmọbìnrin aránṣọ kan ní Kabba lè ní kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú fóònù kan. Ó dùn mí pé ó ní àǹfààní tí Haruna Ìṣọ̀lá kò ní, tí èmi olùkọ́ rẹ̀ sì sọ fún un pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, tí mo padà sí orí ẹní mi.

A ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó ní ìyá, ó sì wá nígbà tí a pè é. Ó ní òun kò jalè, pé bí òun ti ń ṣe fún gbogbo oníbàárà òun nìyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní ímeèlì. Bóyá òótọ́ ni. Mo bi í pé, “Ìwé àdéhùn dà?” Kò sí. Mo bi ọmọ wa. Òun náà kò ní. Ẹ̀yin ará, àwọn tí wọ́n ka Súrátù Bákárà mọ̀ pé aaya rẹ̀ kan wà, ìkejìlénígba-ó-lé-ọgọ́rin, tí ó gùn jù gbogbo aaya Àlùkùránì lọ. Lórí kíkọ gbèsè àti àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Mo ti fi aaya yìí ṣe wáàsí fún àwọn oníṣòwò ní àìmọye ìgbà. N kò mọ̀ pé ó kan ilé ìgbohùnsílẹ̀.

A kọ ìwé ní ọjọ́ náà. A kọ ọ́ pé ọmọbìnrin ni ó ni orin, ni ó sì ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, nítorí òun ni ó san owó iṣẹ́. Pé ọ̀dọ́mọkùnrin yóò kó ohun gbogbo lé e lọ́wọ́. Pé owó tí ó ti wọlé yóò jáde, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó alágbàtà tí ó san. Owó náà kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń bi mí nínú ọkàn wọn pé, “Áfà, ṣé orin kíkọ tilẹ̀ jẹ́ hàláàlì?” Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Ìmáàmù Gásálì ya odindi ìwé kan sọ́tọ̀ nínú Ihyá lórí gbígbọ́ orin, ó sì wo ohun tí a ń sọ, ibi tí a ti ń sọ ọ́ àti ohun tí ó ń ṣe sí ọkàn. Ní ilẹ̀ wa, wákà àti wéré ni wọ́n fi ń jí àwa ọmọdé fún sààrì. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kí ó má gbọ́ ọ, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbà pé kí ọmọ òun kọrin ìyìn Ànábì ní ojú agbo kò lè sọ pé ibi tí orin náà yóò sùn kò kan òun.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí iṣẹ́. Àwòrán tí yóò wà ní iwájú ìsọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó má kéré ju píksẹ́ẹ̀lì 750 níbùú àti lóròó lọ lórí Spotify. Ti ẹ̀yìn àwo, ẹ jẹ́ kí ó tó 3000 ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa kọ nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀yìn síìdì kí àwọn ènìyàn lè pè yín sí òde, wọn kò gba ìyẹn níbẹ̀ o. Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, iye owó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ̀, wọ́n á sì dá orin padà. Àwòrán ọmọ wa tuntun, pẹ̀lú híjáàbù funfun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi fóònù yà á ní iwájú ilé mi ní àárọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì le. Ó dára ju èyí tí a san owó rẹ̀ lọ.

Ìtàn ara ẹni lórí Spotify kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 1,500 lọ. Mo ka ti àwọn kan, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Gbogbo wọn ni ó ga jù ní ayé, kò sì sí ẹni tí ó sọ ìlú tí òun ti wá. Ẹ sọ ìlú yín, ẹni tí ó kọ́ yín, irú orin tí ẹ ń kọ àti ibi tí ẹ ti ń kọ ọ́. Ọmọ Okun tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó bá rí “Kabba” níbẹ̀, kò ní kọjá láì tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ gígùn orin ń kọ́? Èyí yà mí lẹ́nu jù. Àwa mọ àwo tí orin kan gba ojú kan rẹ̀ tán, bí ogún ìṣẹ́jú. Lórí Spotify, bí ènìyàn bá ti gbọ́ orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n ti kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan. Orin ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Oníwákà tí ó kọrin láti ìrólẹ́ dé ìsáà láì dánu dúró, owó orin kan ṣoṣo ni yóò gbà. Nítorí náà ẹ pín in sí abala, kí abala kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀. Ẹ sì rántí pé ẹni tí kò bá mọ̀ yín lè ṣí orin náà, kí ó sì kúrò kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ẹ yin Ọlọ́run, ẹ ṣe ìkẹ́ Ànábì, kí ẹ sì tètè gbé orin. Orúkọ ọlọ́lá mẹ́tàdínlógún tí ó san owó sítúdíò lè wà ní ìparí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé orin jáde fún Ràmàdáánì, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí a bá rí oṣù. Spotify gba akọrin láyè láti fi orin tuntun han àwọn olùṣàyàn wọn, ṣùgbọ́n ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú ọjọ́ tí yóò jáde. Bí a bá fi àkókò alágbàtà kún un, kí ó ti parí iṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú.

Nípa owó, n kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Kò sí iye pàtó tí wọ́n ń san lórí gbígbọ́ kan. Wọ́n ń kó owó oṣù àti owó ìpolówó jọ, wọ́n sì ń pín in gẹ́gẹ́ bí orin kọ̀ọ̀kan ti ní olùgbọ́ tó. Owó tí àwa ń san ní Nàìjíríà kéré sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí náà gbígbọ́ tiwa kò mú owó wá tó tiwọn. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá kì í rí kọ́bọ̀ gbà lórí Spotify. Ibí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ti ń wọlé. Wọ́n á ní, “Ẹ mú owó díẹ̀ wá, a ó sọ ọ́ di ẹgbàárùn-ún ní alẹ́ ọjọ́ kan.” Ẹ̀rọ ni wọn yóò fi máa gbọ́ ọ. Ilé orin ń ṣọ́ irú èyí, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé alágbàtà, alágbàtà sì lè yọ orin náà kúrò. Ṣùgbọ́n kí ilé orin tó rí i ni Ẹni tí ó dá wa ti rí i. Òṣùwọ̀n èké ni, kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ń tẹ ìdí kóńgò wọlé láti fi ta gaàrí.

Lórí YouTube, kí ẹ tó lè máa pín nínú owó ìpolówó, ẹ nílò ẹni 1,000 tí ó ń tẹ̀ lé yín àti wákàtí 4,000 tí wọ́n ti fi wò yín láàárín ọdún kan. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kí ẹ wo irú ìpolówó tí ẹ lè dí, kí wọ́n má baà polówó ọtí tàbí tẹ́tẹ́ sí iwájú orin ìyìn Ànábì.

Mo ní n óò padà sí ọ̀rọ̀ ogún. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo orin fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tí ó kọ ọ́, àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún tirẹ̀ lẹ́yìn tí ó jáde. Nítorí náà orin jẹ́ dúkìá, bí oko kòkó ní Ìjùmú. Bí akọrin bá kú, àwọn tí Ọlọ́run yan ìpín fún ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni opó rẹ̀ yóò ti rí i, bí kò bá mọ ímeèlì rẹ̀, tí kò mọ páásíwọ́ọ̀dù, tí kò mọ orúkọ alágbàtà? Owó ọdún yóò pé, ẹnikẹ́ni kò ní san án, orin yóò kúrò nílẹ̀. Mo ti pín ogún ilé, ogún oko, ogún màlúù. N kò tíì pín ogún orin rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kí akọrin kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé wásíyà, kí ó sì fún ẹni tí ó fọkàn tán ní ìpamọ́.

Ní ti ọmọ wa, a fi orúkọ baba rẹ̀ kún orúkọ rẹ̀, a sì kọ̀wé sí alágbàtà àti sí Spotify pé a da orin rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti kó orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí ojú ìwé tirẹ̀. Ti Boomplay pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ parí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, mo sì ṣí i fún àgbà náà nínú fóònù tirẹ̀. Ó wò ó títí, ó tẹ orin títọ́jú òbí, ó sì gbọ́ ọ dé ìparí láì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé pé kí ó wá gbọ́ ọ.

Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà ti tẹ ìwé àdéhùn tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé ni ó ń fún. Ọmọ wa sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan, kí a lè kọ ímeèlì, páásíwọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀, kí n sì fi í sínú àpótí tí mo ń kó ìwé àwọn ilẹ̀ sí.